Ẹni Tó Fọ Owó Fàdákà

Ẹnì kan jẹ̀bi, ẹlòmíràn ru ẹ̀bi náà títí irun orí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpànìyàn, kì í sì í ṣe ti olè. Owó fàdákà kan ṣoṣo ni wọ́n fọ̀. Ẹni tí kò mọ ìwà àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ lè rẹ́rìn-ín pé, ṣé fífọ nǹkan náà ti di ẹ̀ṣẹ̀ ni? Ẹ̀ṣẹ̀ ni o. Owó tó bá ti pẹ́ láyé a máa fi àwọ̀ kan bora, àwọ̀ bí òjò tó ṣú, àwọ̀ yẹn gan-an sì ni iyì rẹ̀. Bí ènìyàn bá fi búrọ́ọ̀ṣì bó o kúrò, owó náà á máa kọ mànà bí orí apárí nínú oòrùn, ṣùgbọ́n ó ti kú. Àfọ̀kú ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Kò sí oògùn rẹ̀.

Télọ̀ kan ló ni owó yìí, bàbá rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un. Ó ń fura pé Mẹ́jọ-Gun-Méje ni. Nígbà kan rí, níbi tí wọ́n ti ń tẹ owó, ọdún yí padà, wọn kò sì fẹ́ da irin òǹtẹ̀ àná nù, wọ́n bá fín nọ́ńbà mẹ́jọ lé orí méje tó ti wà níbẹ̀. Lára owó díẹ̀ péré ni èjìká méje ti ń yọ lábẹ́ mẹ́jọ, bí ọmọ tó ń yọjú lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀kan nínú wọn, ọba ni láàárín ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí àtọdúnmọ́dún ti bo ibi tí nọ́ńbà wà lára ti télọ̀ yìí. Ó ní ọ̀rẹ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń wo owó àtijọ́, tó ń sọ èyí tó jẹ́ ojúlówó àti ipò tó wà. Ayẹwówò ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Iṣẹ́ há télọ̀ mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó bá wé owó sínú ègé aṣọ, ó gbé e lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ pé kó bá òun mú un dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ òun. Alágbàfọ̀ ni ìyàwó náà. Ó pọn ọmọ wọn ọkùnrin, ó jíṣẹ́, ó padà sídìí aṣọ oníaṣọ.

Nígbà tí télọ̀ lọ gba èsì, owó ń dán lórí tábìlì bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

“Ọ̀rẹ́ mi, ẹ ti fọ̀ ọ́,” ni Ayẹwówò wí. “Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ mi nìyí.”

Télọ̀ kò tilẹ̀ jókòó. Ó délé, ó ní, “O fọ̀ ọ́.”

“Mi ò tú aṣọ tí o fi wé e.”

“Alágbàfọ̀! Ọwọ́ rẹ kì í rí ìdọ̀tí kó dákẹ́.”

“Mo ní mi ò tú u.”

Ọ̀rọ̀ náà jáde sígboro. Wọ́n sọ obìnrin náà ní Afọwódòfo. Ọkọ rẹ̀ kò lé e jáde, kò sì nà án, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́ mọ́, kò sì rán an níṣẹ́ tó ṣe pàtàkì mọ́. Obìnrin náà kò gba òpópónà Ayẹwówò kọjá mọ́. Bí òjò ń rọ̀, bí oòrùn ń ràn, ẹ̀yìnkùlé àwọn ilé ló ń gbà yípo. Àwọn kan ní kò yẹ kí ènìyàn di ọ̀rọ̀ sínú pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọn kò tíì purọ́ mọ́ rí ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

*

Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà dàgbà, ó di káfíńtà. Ayẹwówò náà ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ ti kú, ó sì kọ́ ọ níṣẹ́ láti kékeré. Ojú ọmọ náà mú débi pé àwọn oníbàárà ń pè é ní Àwòdì. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló máa ń jókòó sí, awò kékeré tó ń sọ èèrà di ẹfọ̀n lójú kan, ojú kejì ní dídì.

Ọjọ́ tí káfíńtà kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù náà, tíréè onígi ló gbé wá, èyí tí wọ́n gbẹ́ ihò róbótó-róbótó sí fún owó. Bàbá Àwòdì ló ránṣẹ́ sí ọ̀gá àwọn káfíńtà pé kí wọ́n bá òun kàn án, kò sì sí nílé lọ́jọ́ náà. Àwòdì gbé imú sún mọ́ tíréè, ó fà á sẹ́yìn.

“Ó ń rùn.”

“Kí ló ń rùn? Èmi ni àbí tíréè?”

“Tíréè ni. Mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ.”

Káfíńtà gbé apá sókè, ó gbóòórùn ara rẹ̀, ó ní, “Tèmi kò burú.”

“Fáníìṣì rẹ kò tíì gbẹ. Bí mo bá kó owó fàdákà sí i, kò ní pẹ́ tí yóò fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Gbé e padà.”

“Ẹ̀yin ará ibí yìí, ẹ ò fẹ́ kó dán, ẹ ò sì fẹ́ kó dúdú. Kí lẹ wá fẹ́?”

“Kó wà bó ṣe wà.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn le ju ìyàwó wíwá lọ.”

Ó gbé e lọ, ó tún gbé òmíràn dé. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ihò rẹ̀ fún jù. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta dára, ṣùgbọ́n Àwòdì ní kó bá òun fi sáńpépà ra etí rẹ̀ díẹ̀ sí i. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀, nítorí etí tíréè náà ti ń yọ̀ bí ọṣẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn káfíńtà kò nílò tíréè kó tó wá. Bó bá ti parí iṣẹ́, yóò yà, yóò ní òun fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń di owó mú. Àwòdì á mú ìka rẹ̀, á tò ó sí etí owó.

“Má fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Òógùn ọwọ́ máa ń jẹ fàdákà. Etí ni kí o dì mú. Báyìí. Ìka rẹ mà le o!”

“Igi ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Tìẹ rọ̀.”

“Owó là ń wò, káfíńtà.”

“Èmi náà ń wò.” Kò sì wo owó.

Ó kọ́ ọ ní ipò owó bí wọ́n ṣe ń pè é nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Èyí tí kò dé ọjà rí, ọ̀tun. Èyí tó ti gba ọwọ́ kọjá ṣùgbọ́n tí imú ọba ṣì hàn lára rẹ̀, àrìnká. Èyí tí ayé ti jẹ títí tó fi pẹlẹbẹ, àjẹkù.

“Èmi ńkọ́?” ni káfíńtà bi í ní ọ̀sán ọjọ́ kan. “Ipò wo lo máa fi mí sí?”

“Ojú kan kì í tó wò. Yí padà.”

Ó yí padà láàárín ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tó ń wọ aṣọ tuntun wò. Àwòdì gbé awò sójú, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sínú.

“Àrìnká ni ọ́. Etí kan ti gbọgbẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ara pé. Wọn ò tíì fọ̀ ọ́. Ọpẹ́ ni pé kì í ṣe Afọwódòfo ló tọ́ ọ dàgbà.”

Ẹ̀rín kú lójú káfíńtà.

“Òun ló tọ́ mi,” ni ó wí. “Ìyá mi ni.”

Àwòdì sọ awò kalẹ̀. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ ìtàn obìnrin tó fọ owó dòfo. Àwọn oníbàárà máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó owó jọ, kó lè bẹ̀rù, gbogbo wọn a sì rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Kò rò ó rí pé obìnrin náà ní ojú, ó ní imú, ó sì bí ọmọ tí ìka rẹ̀ le báyìí.

“Dárí jì mí,” ni ó wí. Nígbà tó yá, ó ní, “O mọ ilé tí o ń wá láti ọjọ́ àkọ́kọ́?”

“Mo mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ wo ojú ọkùnrin tí ìyá mi kì í dárúkọ. Ìwọ ni mo bá.”

“Tíréè mẹ́ta yẹn ńkọ́?”

“Ti àkọ́kọ́, torí bàbá rẹ ni. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ gbẹ́ ihò rẹ̀ kó fún.”

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà pa á lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí káfíńtà lọ tán, iyèméjì wọ inú Àwòdì bí ọ̀rinrin tí ń wọ inú àpótí. Ṣé ìfẹ́ ni, àbí ẹ̀san ni ọmọkùnrin yìí bá wá? Bó bá jẹ́ pé ó fẹ́ mú ọmọ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó mú iyì kúrò lára ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ó ń wo owó, kò rí nǹkan kan lára wọn. Ó fi àrìnká sínú ihò ọ̀tun, bàbá rẹ̀ ló rí i tó yọ ọ́.

Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí káfíńtà fi dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

“Lónìí mi ò gbé tíréè, mi ò sì fẹ́ kọ́ nǹkan kan,” ni ó wí. “Ọwọ́ òfo ni mo wá, kó lè dá ọ lójú ohun tí mo ń wá. Ṣé wàá fẹ́ mi?”

“Wọlé kúrò lẹ́nu ọ̀nà ná,” ni Àwòdì wí. “O ń dí ìmọ́lẹ̀ mi.”

Ṣùgbọ́n omi ti kún ojú rẹ̀, káfíńtà sì mọ̀ pé ó ti gbà.

*

“Ọmọ ta?” Awò já bọ́ lójú Ayẹwówò.

“Ọmọ télọ̀, bàbá mi.”

“Kò ṣeé ṣe.”

“Kí ló ṣe?”

“Káfíńtà máa ń gbé ìyẹ̀fun igi wọlé. Kò dára fún owó.”

“Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n wá kan tíréè.”

“Tíréè ni mo ní kí wọ́n kàn. Mi ò ní kí wọ́n wá gba ọmọ mi.”

Àwòdì lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, onídìrí tí ẹnu rẹ̀ yá ju ìka rẹ̀ lọ, òun nìkan ló sì lè bá Ayẹwówò wí. Onídìrí dé ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìyarun nínú irun ara rẹ̀.

“Ìwọ ọmọ yìí, kí ni ọmọ télọ̀ ṣe fún ọ?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi mí sílẹ̀.”

“Mi ò fi ọ́ sílẹ̀. O fẹ́ kí ọmọ yìí máa bá owó sùn? Owó ọ̀hún kò tilẹ̀ ṣeé ná! Ó dáa, bí o kò bá lè lọ, èmi á lọ ṣe alárinà. Mo ti fi ẹnu mi so ju tọkọtaya mẹ́wàá pọ̀.”

“Mélòó nínú wọn ló ṣì wà pọ̀?”

“Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ alárinà.”

Ó lọ. Ìrọ̀lẹ́ ló padà dé, ó jókòó pátá sórí àga oníbàárà.

“Mo kí obìnrin náà, ó dá mi lóhùn dáadáa. Mo jókòó, ó fún mi ní tíì. Mo dárúkọ rẹ, ó gba ife tíì lọ́wọ́ mi! Mi ò tíì mu ún débi tí ṣúgà wà.”

“Mo sọ fún yín.”

“Dúró, mi ò tíì parí. Ó ní òun ò bá ọmọ wa jà. Ó ní ẹnu tó sọ pé òun fọ owó, ẹ̀yìn òun ló ti sọ ọ́, kó wá sọ ọ́ lójú òun. Ó ní ọjọ́ tí o bá wá dúró níwájú òun tí o sọ ẹni tó fọ owó yẹn, ọjọ́ náà ni kí a mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Bí o kò bá wá, kò sí ìgbéyàwó.” Ó wo àbúrò rẹ̀ lójú. “Kí ló le nínú ìyẹn? Lọ tún un sọ, ká fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.”

“Mi ò lọ ibì kankan,” ni Ayẹwówò wí, ó sì wọ inú yàrá lọ.

*

Àwòdì fúnra rẹ̀ ló lọ. Ilé náà rọrùn láti mọ̀. Iwájú ni wọ́n ti ń fọ aṣọ tí wọ́n sì ń lọ̀ ọ́, yàrá ẹ̀yìn ni ẹ̀rọ ìránṣọ télọ̀ ti ń ké láàárọ̀ títí di alẹ́, aṣọ ìkélé kan ló wà láàárín. Ìyá káfíńtà kò gbé orí sókè kúrò lára ẹ̀wù tó ń lọ̀. Àwòdì kúnlẹ̀.

“Dìde, ilẹ̀ tutù.”

“Ẹ jẹ́ kí n kúnlẹ̀ díẹ̀ sí i, mà. Mo ti fi yín ṣẹ̀fẹ̀ rí.”

Áyọ́ọ̀nù dúró. “Ta ni kò fi mí ṣẹ̀fẹ̀? Àwọn yòókù kì í kúnlẹ̀ ni.” Obìnrin náà wò ó pẹ́. “O dára lọ́mọ. Ìwọ lọmọ mi ń torí ẹ̀ kọrin nídìí iṣẹ́, ohùn rẹ̀ kò sì dára. Ṣùgbọ́n gbọ́. Bí o bá wọ ilé yìí tí ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì tán, ojoojúmọ́ ni n ó máa rí bàbá rẹ lójú rẹ. Ìwọ ni ìyà máa jẹ, o kò sì ṣẹ̀ mí. Mi ò fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ san ẹ̀san.”

Télọ̀ ti gbọ́ ohùn wọn. Ó pe Àwòdì sẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ó ṣí agolo bọ́tìnì, ó wa ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó yọ owó fàdákà kan jáde.

“Mi ò wò ó mọ́ láti ọjọ́ náà,” ni ó wí ní ohùn kékeré. “Inú bí mi débi pé mi ò jókòó bi bàbá rẹ. Wò ó fún mi. Ṣé Mẹ́jọ-Gun-Méje ni lóòótọ́?”

Àwòdì yọ awò lápò, ó súnmọ́ ojú fèrèsé. Èjìká méje wà níbẹ̀ lábẹ́ mẹ́jọ, ó hàn kedere. Lẹ́yìn náà ni ó rí ìyókù.

Káàkiri ojú owó náà, ìlà fífọ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn sáré gbá ilẹ̀ torí àlejò. Ṣùgbọ́n ní ìdí nọ́ńbà mẹ́jọ, ní ibi tí kò tó àtẹ́lẹsẹ̀ eṣinṣin, ìlà náà jinlẹ̀, wọ́n fún mọ́ra, wọ́n ń yípo. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Alágbàfọ̀ tó bá fẹ́ fọ owó, orí ọba ni yóò kọ́kọ́ kọjú sí, nítorí òun ló tóbi jù, òun ló sì dọ̀tí jù. Ẹni tó mọ̀ pé méje lè wà lábẹ́ mẹ́jọ nìkan ni yóò fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì wá ibẹ̀ lọ. Télọ̀ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé télọ̀ ló fọ̀ ọ́, kí ló tún ń bi òun fún? Ẹnì kan ṣoṣo ló kù.

“Òun ni, bàbá,” ni ó wí. “Mẹ́jọ-Gun-Méje ni.”

Télọ̀ di ojú. “Obìnrin yìí sì lọ fọ̀ ọ́.”

“Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.”

“Kí ló dé?”

“Ẹ ṣáà má sọ ọ́ mọ́.”

Káfíńtà, tó ti ń wò wọ́n láti ìdí aṣọ ìkélé, sìn ín sọ́nà. Nígbà tí wọ́n jìnnà sílé, ó sọ̀rọ̀.

“O rí nǹkan kan lára owó yẹn. Mo mọ ojú rẹ.”

“Mo rí i. Má bi mí.”

“Mi ò bi ọ́. Mo ti mọ̀.” Ó dúró. “Ìyá mi ni, Àwòdì. Mo lè padà wọlé nísinsìnyí kí n sọ ọ́ fún un.”

“O lè sọ ọ́. Mi ò ní bá ọ jà.”

Ó yíjú sí ọ̀nà ilé, ó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó padà kọjú sí i.

“Ó ní ẹnu bàbá rẹ lòun fẹ́ gbọ́ ọ. Mi ò ní gba ìyẹn mọ́ ọn lọ́wọ́.” Ó mú ọwọ́ rẹ̀. “Igi tútù ni wá báyìí. Bí ènìyàn bá kàn án kó tó gbẹ, yóò ya. Mo lè dúró.”

*

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Àwòdì kò gbé awò.

“Bàbá mi, mo rí Mẹ́jọ-Gun-Méje.”

Ayẹwówò gbé orí sókè. “Ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀?”

“Lábẹ́ bọ́tìnì. Mo wò ó. Ibi nọ́ńbà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́.”

Bàbá fa aṣọ kékeré yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu awò tí kò dọ̀tí. “Òkú ọ̀rọ̀ ni. Jẹ́ kó sùn.”

“Kò sùn, bàbá mi. Ó ń lọ aṣọ. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà lọ sọ́jà.”

“Kí lo sọ fún wọn?”

“Mi ò sọ nǹkan kan, mi ò sì ní sọ. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní ọkọ ló ń pa mí bí ọtí, mo wá ń ba orúkọ bàbá mi jẹ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n má fi ẹnu gbé owó ju ipò rẹ̀ lọ, kí n má sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ipò wo ni ẹ fi obìnrin yẹn sí?”

“Ìwọ ọmọ, ṣé o mọ bí mo ṣe fi ṣọ́ọ̀bù yìí tọ́ ọ? Ta ni yóò tún gbé owó wá fún ẹni tó…” Ó gé e síbẹ̀.

Àwòdì padà sídìí fèrèsé.

Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń jẹun lórí tábìlì kan, iyọ̀ nìkan ni wọ́n sì ń bèèrè lọ́wọ́ ara wọn. Àwòdì kò bú u, kò sì kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dun bàbá. Ọmọ tó máa ń kọ hùn-ùn nídìí awò láti kékeré, tó máa ń pariwo “Bàbá, ẹ wá wo imú ọba yìí!”, ń wo owó bí ẹni tó ń ṣa òkúta lára ìrẹsì. Káfíńtà ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, yóò gbọ́wọ́ sókè, kì í wọlé. Àwòdì náà yóò gbọ́wọ́ sókè. Bàbá ń rí wọn. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò sì tán, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kí ara wọn.

Ní ọ̀sán kan, ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ wọlé, wọ́n gbé owó fàdákà kan sórí tábìlì. Ayẹwówò wò ó, ó sọ ọ̀rọ̀ tó ti sọ fún ogunlọ́gọ̀ ènìyàn.

“Àfọ̀kú ni.”

Ọkùnrin náà yíjú sí ìyàwó rẹ̀. “Ìwọ ni, àbí?”

“Èmi kẹ̀? Mi ò fọwọ́ kàn án!”

“Ta ló máa ń fọ nǹkan nílé? O lè fọ ẹyẹ tó bá bà!”

“Mo ní èmi kọ́.”

“Dákẹ́!” Ayẹwówò ti dìde. Ọkùnrin náà ló ń bá wí. “Kò fọ̀ ọ́. Fífọ̀ yìí ti pẹ́, àwọ̀ mìíràn ti ń hù lé e lórí. Kí wọ́n tó bí ìyàwó rẹ ni. Bẹ̀ ẹ́.”

“Ẹ má bínú, ọ̀gá…”

“Kì í ṣe èmi. Òun ni kí o bẹ̀.”

Ọkùnrin náà họ orí. “Má bínú, aya mi.”

“Mo ti bínú ná,” ni obìnrin náà wí. “Ọ̀la ni n ó dárí jì ọ́.” Ó sì ń rẹ́rìn-ín kí ó tó sọ ọ́ tán.

Wọ́n jáde. Ayẹwówò dúró lẹ́yìn gíláàsì, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń sọdá títì, tí obìnrin náà ń fi ìgbúnwọ́ gún ọkọ rẹ̀ ní ìhà. Ó wò wọ́n títí wọ́n fi yí kọ́nà. Nígbà tó yíjú, ó dà bí ẹni tó ti darúgbó sí i.

“Kò gbà ju kí ènìyàn sọ òótọ́ lọ,” ni ó wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó mú fìlà. “Ti ilẹ̀kùn. Pe ẹ̀gbọ́n mi wá.”

*

Àwọn oníbàárà méjì ń dúró de aṣọ nígbà tí wọ́n dé ilé télọ̀. Káfíńtà wà nílẹ̀, ó ń tún ẹsẹ̀ tábìlì ìlọṣọ ìyá rẹ̀ ṣe. Nígbà tó rí wọn, ó dìde pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́, Àwòdì lọ dúró tì í, ó gba òòlù náà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dípò rẹ̀.

Onídìrí bẹ̀rẹ̀ bí alárinà ṣe ń bẹ̀rẹ̀. “A kí onílé, a kí ará ilé, ohun tó gbé wa wá, rere ni…”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó,” ni ìyá káfíńtà wí. “Tíì yín wà níbẹ̀. Ohùn ẹlòmíràn ni mo fẹ́ gbọ́.”

Ayẹwówò bọ́ síwájú. “Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi, àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀ nígbà yẹn.”

“Àṣìṣe wo?”

“Owó yẹn. Ó di fífọ̀.”

“Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ó di fífọ̀. Wọ́n fi sọ mí lórúkọ. Ta ló fọ̀ ọ́?”

Ó wo àwọn oníbàárà méjèèjì. “Ṣé a lè wọlé díẹ̀ ká…”

“Ìta ni wọ́n ti ń pè mí. Ìta ni kí ẹ ti sọ ọ́.”

Ayẹwówò yíjú sí obìnrin náà. “Èmi ni,” ni ó wí.

Ìyá káfíńtà gbé áyọ́ọ̀nù dúró lórí ìdí rẹ̀. Ó di etí tábìlì mú. Kò sọkún. Ó ti dé ibi tí ẹkún kò ti wúlò mọ́.

“Mo gbọ́,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n èmi ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kì í ṣe èmi. Ẹni tí kò mọ̀ wà lẹ́yìn aṣọ yẹn. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń pariwo. Ẹ gbé ohùn sókè.”

Ayẹwówò rìn dé ìdí aṣọ ìkélé, ó ká a sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Ọ̀rẹ́ mi!”

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Télọ̀ gbé orí sókè, òwú ṣì wà láàárín eyín rẹ̀. Ayẹwówò fi ọwọ́ méjèèjì ṣí fìlà.

“Ìyàwó rẹ kò tú aṣọ tí o fi wé owó. Bí o ṣe wé e ló ṣe gbé e dé. Èmi ni mo tú u. Mo fẹ́ rí méje lábẹ́ mẹ́jọ kí n tó dá ọ lóhùn, mo rò pé mo lè gbá ibi kékeré. Nígbà tó dán níbẹ̀, mo gbá ìyókù kó lè dọ́gba. Ẹ̀rù bà mí, mo parọ́ mọ́ ọn. Mo gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń pè é, mo gbọ́ ọ lọ́dọọdún, mo sì dákẹ́. Òun kọ́. Kì í ṣe òun rí. Èmi ni mo fọ̀ ọ́.”